Fèrèsé Ọkọ̀ Sàbítíù

"Ká tó bo fèrèsé ọkọ̀, ẹni tó máa jókòó tì í là á bi." Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ṣé ẹ mọ gbòǹgbò òwe náà? Bí ẹ bá jẹ́ ará etí ọ̀sà níhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà títí tó fi sú yín. Bí ẹ bá sì jẹ́ ará òkè, tí ẹ kò mọ̀ ju mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ lọ, ó lè jẹ́ pé òní lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò sì ní bá yín jà. Àwọn tí mo fẹ́ bá jà ni àwọn tó máa ń sọ pé àwọn baba ńlá wa ti pa gbogbo òwe tán, pé kò sí òwe tuntun mọ́ lábẹ́ ọ̀run. Irọ́ ni o. Èyí tí mo ń sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Mo wà nínú ọkọ̀ náà, apá mi ń kan apá ìyá tó pa á.

Tíṣà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Òkè-Ìyanrìn ni ilé mi, erékùṣù kékeré kan tí ẹ ó fi bíi wákàtí kan wọkọ̀ dé láti èbúté Ẹ̀pẹ́. Kò sí afárá, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìṣó, ẹni tó fẹ́ rí dókítà, ẹni tó fẹ́ lọ kí àna rẹ̀, gbogbo wa ọkọ̀ la ó wọ̀, ọkọ̀ tí a sì ń wọ̀ jù ni ti Sàbítíù.

Ọkọ̀ fáíbà ni ọkọ̀ Sàbítíù. Ó ní òrùlé, ó ní fèrèsé mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́rin lọ́wọ́ òsì, irú fèrèsé tí kì í ṣí. Ó kọ ÀDÚRÀ ÌYÁ GBÀ gàdàgbà sí i lára. Ọmọ dáadáa ni Sàbítíù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí n óò bú u díẹ̀ kí ìtàn yìí tó parí. Kì í ṣọ̀lẹ, kì í mutí, kì í fi èrò sílẹ̀ létí omi nítorí pé ọkọ̀ kò tíì kún. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí oore bá ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, kì í dúró bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bó bá rí ẹrù lórí rẹ báyìí, á ti gbà á, á ti sáré gbé e dé ilé rẹ, kó tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lo ń gbé e lọ. Ìwọ ló máa wá dúpẹ́, ìwọ náà ló máa tún un gbé jáde.

Ìyá rẹ̀ ni gbogbo wa ń pè ní Ìyá Sàbí. Àwọ̀n ni ìyá yìí ń tún ṣe láti ìgbà ọmọge. Kò sí apẹja kan ní Òkè-Ìyanrìn tí àwọ̀n rẹ̀ kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ tóóró bí èyí tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ni gbogbo ohun tó kù tó ń rí. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń fọwọ́ wá ihò àwọ̀n, ó ṣì ń dí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó tì í máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí kanlẹ̀. Ó dùn wá o. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ráálíyà, tó ń gbé ní Ìkòròdú, wá mú un lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ojú là.

Wọ́n ní kó sinmi lọ́dọ̀ Ráálíyà fún ọ̀sẹ̀ méje. Ìyá fara dà á, ṣùgbọ́n kò fẹnu dà á. Bí a bá ti pè é lórí fóònù, ohun kan náà ló máa ń wí: "Mo ti rí ògiri. Mo ti rí tẹlifíṣọ̀n. Mo ti rí àwọn ọmọ Ráálíyà, wọ́n sanra dáadáa. Mo fẹ́ rí ilé mi bó ṣe ń jáde látinú omi." Ẹni tó bá ti wá sí Òkè-Ìyanrìn rí yóò mọ ohun tó ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, ẹ kò ní rí ilẹ̀. Omi nìkan lẹ ó máa rí. Lẹ́yìn náà ni orí àgbọn yóò yọ, mẹ́ta, mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni páànù òrùlé yóò yọ, tí ògiri yóò sì tẹ̀ lé e, bíi pé ẹnì kan ń fi ìlú náà hàn yín díẹ̀díẹ̀. Ìyá Sàbí ti rí i ní ìgbà àìmọye kó tó di afọ́jú. Òun gan-an ni kì í jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Dókítà wá sọ pé bó bá ń lọ sílé, kó wọ awò dúdú, kó má yọ ọ́ níta, kó má sì jẹ́ kí oòrùn kọ lù ú lójú. Ráálíyà sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Háà! Ó dà bíi pé ó fi iná sábẹ́ Sàbítíù. Oòrùn? Lórí ọ̀sà? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ó ní awò kékeré yẹn kò lè tó, pé ìmọ́lẹ̀ orí omi máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó ní òun yóò fi tíńtì bo gbogbo fèrèsé ọkọ̀ òun kí ìyá òun tó fẹsẹ̀ kàn án. Ẹ̀yin náà mọ tíńtì, ọ̀rá dúdú tí àwọn olówó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò wọn kí a má bàa rí wọn.

Ó kọ́kọ́ lọ bá Múlíkà Onítíńtì ní Ẹ̀pẹ́. Obìnrin ni Múlíkà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń lẹ tíńtì, ti ọkọ̀ ilẹ̀ àti ti ọkọ̀ omi. Ó ní, "Bọ̀dá Sàbí, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì. Mo ní láti wò ó kí n tó fọwọ́ kàn án."

"Ọ̀rá ni kẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ fèrèsé," ni Sàbítíù wí. "Kí lẹ tún fẹ́ wò?"

Ó kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òun tí òun ń tú ẹ́ńjìnnì, tí òun ń tò ó padà. Òun tí òun ń lẹ fáíbà tó bá là. Ṣé ọ̀rá lásánlàsàn ni yóò wá dá òun dúró? N kò ní purọ́, èmi náà gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ní iṣẹ́ kì í pa ẹni tó bá lọ́wọ́. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, kí ó ṣáà ti mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.

Sàbítíù lọ ra ọ̀rá, èyí tó dúdú jù nínú ìsọ̀. Ó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní èbúté wa níbí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti gbọ́ pé omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́sà ṣe. Ó ju korobá sínú ọ̀sà, ó fa omi sókè, ó bu ọṣẹ dúdú sí i, ó fi kànìnkànìn rò ó títí tó fi hó, ó sì fi i nu gbogbo fèrèsé. Ó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, ó wá bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ń tẹ̀ ẹ́ kí omi lè jáde. Ó ń kọrin. Kò sẹ́ni tó bá a wí, nítorí pé omi ọ̀sà ni gbogbo wa fi ń fọ ọkọ̀, òun la fi ń fọ àwọ̀n, òun la fi ń fọ ẹsẹ̀. Ta ni yóò rò pé omi kan wà tí kì í ṣe omi?

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, ọ̀rá náà ti wú. Ó wú níhìn-ín, ó wú lọ́hùn-ún, bí ara ọmọ tí ẹ̀fọn jẹ. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ wá wọkọ̀ dúró, wọ́n ń wò ó.

"Sàbí, ṣé ara ọkọ̀ rẹ sú ni?"

"Ẹ pè é ní dókítà o!"

Ojú tì í. Dípò kó ya á dànù, kó lọ bẹ Múlíkà, ó lẹ ọ̀rá kejì lé àkọ́kọ́ lórí kí wíwú náà má bàa hàn. Lóòótọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ orí wọ inú ọkọ̀ náà, ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo ní, "Sàbítíù, ibo la ó ti máa wo ìta?"

Ó ní, "Tíṣà, kí lẹ fẹ́ wò? Ṣebí omi náà ni."

Ọjọ́bọ̀ ni Ráálíyà mú ìyá wọn dé èbúté Ẹ̀pẹ́, ó fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ti lọ kí àbúrò mi ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ wọ̀ padà. Ìyá rí mi láti òkèèrè, pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó pariwo pé, "Tíṣà! Ìwọ mà ti darúgbó o!"

"Ìyá, ọdún márùn-ún ni ẹ ò fi rí mi," ni mo wí. "Kí lẹ rò pé mò ń ṣe látọjọ́ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn, n kò lè parọ́. Sàbítíù dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un jókòó sídìí fèrèsé kejì lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí ó ti nù tí ó sì ti tẹ́ tìmùtìmù sí. Èmi jókòó tì í. Ẹ wá rò ó wò o: inú oòrùn gangan la ti wọlé, awò dúdú wà lójú ìyá, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ yọ ọ́ níta, ọ̀rá dúdú méjì wà lára fèrèsé. Ó yẹ kí n ti rò ó. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, n kò ro ìyẹn.

Ọkọ̀ gbéra. Ìyá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Ráálíyà fún mi, èyí tó ń tọ̀ sílé àti èyí tó mọ̀wé. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Mo rí i tó na ọwọ́, tó fi àtẹ́lẹwọ́ kan fèrèsé. Ó yí orí síwájú, níbi tí Sàbítíù dúró sí tó ń wakọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ti ń wọlé. Ó yí i padà. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Tíṣà."

"Ìyá."

"Ṣé ọ̀sán ni?"

"Ọ̀sán ni, Ìyá. Aago mọ́kànlá kò tíì lù."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹkún ló ń sun, ẹkún tí kò ní ohùn. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe é. Ó ní, "Ó ti padà. Ojú mi ti tún lọ. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn náà ni mo tún ń rí."

Yéè! Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má tún jẹ́ kí n rí irú rẹ̀. Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn wa figbe ta pé kí Sàbítíù pa ẹ́ńjìnnì. Ó pa á. Ọkọ̀ wá ń fì lójú kan náà láàrin ọ̀sà. Sàbítíù sáré wá, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ láàrin ẹrù àwọn èrò, ọkùnrin tó ju ọmọ ogójì ọdún lọ, ó ń pè é ní Màámi, Màámi, bí ọmọdé. Gbogbo ọkọ̀ ń ṣàdúrà. Ẹnì kan ń ké pe Ọlọ́run, ẹnì kan ń wá nọ́ńbà dókítà tí kò ní. Ibẹ̀ ni làákàyè mi tó wá bá mi.

"Ìyá, ẹ yọ awò yẹn."

"Dókítà ní n kò gbọdọ̀ yọ ọ́ níta."

"Inú ilé la wà. Dókítà kò mọ Sàbítíù. Ẹ yọ ọ́!"

Ó yọ ọ́. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wò mí. Ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi kan irun rẹ̀. Ó ní, "Sàbí. Awò kò jẹ́ kí n rí i létí omi. O ti hu ewú."

Ẹ ò rí i bí a ṣe bú sẹ́rìn-ín! Àwọn tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín, àwọn tó ń ṣàdúrà ń pàtẹ́wọ́. Ìyá náà ń fi etí aṣọ nu ojú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí fèrèsé. Dúdú kirikiri ni, pẹ̀lú ìwúlé lára. Kò rí omi, kò rí ọ̀run, kò rí ẹyẹ kan.

Ó ní, "Kí ni mo wá ń wò yìí?"

"Tíńtì ni, Màámi," ni Sàbítíù wí. "Kí oòrùn má bàa kọ lù yín lójú."

Ìyá kẹ̀yìn sí fèrèsé náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sàbítíù ní kó wá jókòó sí iwájú lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n omi ń ta wọ ibẹ̀, dókítà sì ti ní omi kò gbọdọ̀ kan ojú náà. Ó padà sẹ́nu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pẹ̀lú orí títẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Òkè-Ìyanrìn. Orí àgbọn yọ, a kò rí i. Páànù yọ, a kò rí i.

Àwọn ènìyàn ti kún etí omi wa. Wọ́n ti wọ aṣọ tó dára, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń na ọwọ́ láti gba ìyá sílẹ̀. Gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Èmi náà ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí pákó. Ìyá Sàbí kò dìde.

"Màámi, a ti dé o," ni Sàbítíù wí.

"Ìwọ ló dé," ni ìyá wí. "Èmi ò tíì dé. Wọ́n kó mi wá bí àpò iyọ̀ ni. Ìgbà wo lo ń padà sí Ẹ̀pẹ́?"

A bẹ̀ ẹ́. Ìmáàmù bẹ̀ ẹ́. Àwọn apẹja tí ìyá ti ń bá tún àwọ̀n ṣe láti ìgbà èwe wọn bẹ̀ ẹ́. Ó kí gbogbo wọn látinú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó pe ẹni tó sanra ní ẹni tó sanra, ó pe ẹni tó rù ní ẹni tó rù. Ṣùgbọ́n ó ní ọdún márùn-ún lòun fi gbé inú òkùnkùn tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún òun, òun kò ní fi èyí tí ọmọ òun rà ní ìsọ̀ wọ ìlú. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ dá òun padà, kí òun tún bọ̀. Ó wá wò mí. "Tíṣà, kí lo ń dúró ṣe lórí pákó? Wá bá mi jókòó." Bí mo ṣe tún padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn, èmi tí wọ́n ti gbé ọbẹ̀ kaná dè nílé.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi la sùn. Ní àárọ̀ Jímọ̀, Sàbítíù lọ bẹ Múlíkà. Obìnrin náà kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn. Ó dé èbúté, ó yí ọkọ̀ náà ká. Ó fi ìka kan fèrèsé kó-kó-kó, ó ṣí etí ọ̀rá díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra abẹ́ rẹ̀.

"Omi ọ̀sà lẹ fi lẹ̀ ẹ́."

"Ṣé omi kì í ṣe omi ni?" ni Sàbítíù wí.

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyanrìn tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀. Omi òjò ni mo máa ń gbè sínú àgbá nílé nítorí iṣẹ́ yìí. Àti pé gíláàsì kọ́ nìyí, Bọ̀dá Sàbí. Rọ́bà líle ni. Bí oòrùn bá pa á, ó máa ń mí, èémí rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀rá mọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn wú. Ọ̀rá tirẹ̀ wà lọ́tọ̀."

Sàbítíù fọwọ́ họ orí. Ó ní, "Ó dáa. Mo ti gbà. Ẹ wá fi èyí tó yẹ sí i. Ṣé èyí tó dúdú gan-an lẹ ó fi sí i, àbí èyí tó dúdú díẹ̀?"

Múlíkà ní, "N kò tíì dé ibẹ̀. Ta ló máa jókòó tì í?"

A nawọ́ sí ìyá. Múlíkà bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọ inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó wá jókòó tì í pẹ́pẹ́. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ máa rí níbí?"

Mo ti gbé iṣẹ́ fún káfíńtà rí, mo ti gbé fún bíríkìlà àti télọ̀. N kò gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Ìyá náà wò ó bí ẹni tí kò gbàgbọ́ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti àwọn igi tí apẹja rì mọ́lẹ̀ láti so àwọ̀n. Ó sọ ti lékelèke. Ó sọ ti àwọn obìnrin tó ń fi ọkọ̀ kékeré kó akàn, tí wọ́n máa ń juwọ́ sí ọkọ̀ ńlá, tó sì yẹ kí ènìyàn juwọ́ padà sí wọn. Ó wá sọ ti orí àgbọn, àti páànù, àti ilé tirẹ̀ tó ń jáde látinú omi. Múlíkà ń gbọ́. Kò kánjú rárá.

Ó wá fi aṣọ tó rẹ sínú omi gbígbóná bó gbogbo iṣẹ́ Sàbítíù kúrò, ó fi omi òjò fọ ojú fèrèsé náà mọ́ tónítóní. Ó kó ègé ọ̀rá mẹ́rin jáde nínú àpò, ó ń gbé wọn sí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. "Màmá, ẹ yọ awò. Ṣé ẹ rí ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ́hùn-ún? Ṣé oòrùn ń ta yín? Èyí ńkọ́?" Ìyá kọ àkọ́kọ́, ó kọ èkejì. Ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́, ó rí bí èéfín igi tútù. Ó mú títàn kúrò lójú omi, ṣùgbọ́n ó fi omi náà sílẹ̀. Ìyá ní, "Òun nìyí." Múlíkà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí òkè fèrèsé, níbi tí orí ìyá dé bó bá jókòó, ó ní òkè ìlà náà nìkan ni òun yóò fi èyí tó dúdú sí. Ó bi àwọn èrò mìíràn tó wà létí omi bákan náà, kó tó fọwọ́ kan fèrèsé yòókù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni iṣẹ́ parí, a kò rí ìwúlé kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Sàbítíù dúró tì mí, ó ń wò ó. Ó ní, "Tíṣà, gbogbo ohun tó bi Màámi yìí, èmi náà ì bá ti bi í."

"Kí ló dé tí o kò bi í?"

"Mo rò pé mo mọ̀."

Ó dùn mí fún un. Ìfẹ́ tó ní sí ìyá yẹn kò lábùlà, òun gan-an ni kò jẹ́ kó rántí béèrè.

Àárọ̀ Sátidé la tún gbéra. Ìyá jókòó sídìí fèrèsé rẹ̀, kò wọ awò, kò sí ìtànṣán tó ń ta á lójú. Ó rí igi apẹja, ó kà wọ́n. Ó rí lékelèke, ó kí i. Àwọn obìnrin alákàn juwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì juwọ́ padà, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lójú, kò tilẹ̀ mọ̀. Gbogbo wa ń wo ojú rẹ̀. Orí àgbọn yọ. Ó gbá àyà mú. Páànù yọ. Sàbítíù dín eré ẹ́ńjìnnì kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ìyá wá na ìka sí ilé tó wà lápá òsì, lẹ́bàá omi. "Ilé ta nìyẹn?"

Èmi wo ilẹ̀.

"Mo ní ilé ta ni? Ibẹ̀ ni ilé mi wà. Ẹfun ni bàbá Sàbí fi kùn ún, funfun báláú ni. Ilé ta ni èyí tó pọ́n bí ìyeyè?"

Ilé rẹ̀ ni. Ní ọdún kẹta tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni Sàbítíù fi ọ̀dà kùn ún, láti fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Inú rẹ̀ dùn sí i débi pé ó gbàgbé pé ìyá náà ní ẹnu tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìlú sì dákẹ́, a ní kí ló kàn wá, ìyá ṣáà kò rí i.

Ìyá yíjú sí iwájú ọkọ̀. "Sàbítíù!"

"Màámi."

"Ta lo bi kí o tó kun ilé mi?"

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi orí, ó ní, "Múlíkà dára jù ọ́ lọ. Ká tó bo fèrèsé ọkọ̀, ẹni tó máa jókòó tì í là á bi. Ilé ńkọ́?"

Ẹ̀rín bẹ́ nínú ọkọ̀! Ẹnì kan rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀. Sàbítíù náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ní òun yóò tún un kùn ní funfun ní ọjọ́ Ajé. Ìyá tún wo ilé náà. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, títí tí a fi súnmọ́ ọn tí a sì rí ilẹ̀kùn àti àga rẹ̀ níta.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ó burú, ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀. Bí ojú mi bá tún fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan, èyí ni n óò rí gbẹ̀yìn."

Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wọ awò rẹ̀, ó ní kí wọ́n na pákó. Ó ti dé.

Láti ọjọ́ náà ni òwe yìí ti wà lẹ́nu wa. Wọ́n pa á nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ìsọ̀ fún àwọn obìnrin wa síbi tí omi ń kún. Wọ́n pa á fún ọmọ tó fẹ́ kó bàbá rẹ̀ lọ máa gbé lókè òkun, tí kò tíì bá bàbá sọ ọ́. Èmi gan-an, wọ́n ti pa á fún mi nígbà tí mo fẹ́ bá ọmọ mi yan ọkọ. Ẹni tó ń ṣe ibi kọ́ ni àgbà ń bá wí bí ó bá sọ pé, "Ká tó bo fèrèsé ọkọ̀, ẹni tó máa jókòó tì í là á bi." Ẹni tó ń ṣe oore ló ń bá wí, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá sí iṣẹ́, tó sì rò pé òun mọ ohun tí ẹni ẹlẹ́ni ń fẹ́. Kó dúró díẹ̀. Kó lọ jókòó ti ẹni náà, kó bi í.